Igi Tó Ń Gbọn Òdòdó Rẹ̀ Nù

Ní òkè Friúlì, níbi tí ilẹ̀ Ítálì
ti ń na ọrùn wo Slovéníà,
ilẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀, àpáta tó ti rẹ̀ ni.
Bí o bá fọwọ́ rún un, a fọ́ wẹ́wẹ́ bíi búrẹ́dì àná.
Pónkà ni wọ́n ń pè é.
Òjò a gbé e sọ̀kalẹ̀ lóṣù kọkànlá,
Duilio a fi agbọ̀n gbé e gòkè lóṣù kejì.
Ogójì ọdún rèé: òjò kò dúpẹ́,
Duilio kò bínú.

Ibẹ̀ ni àjàrà tí mò ń wí wà.
Pikolítì lorúkọ rẹ̀. Kò ga, kò fanimọ́ra.
Lóṣù kẹfà a tanná bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀,
a tanná títí oyin á fi gbàgbé ọ̀nà ilé,
ká tó ṣẹ́jú
ó ti gbọn òdòdó nù.
Kì í ṣe afẹ́fẹ́. Kì í ṣe yìnyín. Kòkòrò kọ́.
Bí a ṣe dá a nìyẹn.
Níbi tí igi mìíràn ti ń pọn ọgọ́rùn-ún ọmọ,
tirẹ̀ a ku mẹ́rìnlá, nígbà mìíràn mẹ́sàn-án,
wọ́n á jìnnà síra wọn lórí ẹ̀ka
bí eyín lẹ́nu arúgbó.

Ọkùnrin báńkì wá láti Údínè, bàtà rẹ̀ ń dán.
Ó ní, "Màmá Onorina, ẹ fa á tu.
Ẹ gbin irú èyí tó ń so wọ̀ǹtìwọnti."
Onorina ń fi sísọ́ọ̀sì gé ewé tó ṣíji bo èso.
Kò gbójú sókè.
"Ọmọ mélòó ni ìyá rẹ bí?"
"Èmi nìkan ni, Màmá."
"Ta ló wá fa ìyá rẹ tu?"

A rẹ́rìn-ín títí àkàsọ̀ fi mì.
Onorina kò bá wa rẹ́rìn-ín.
Èmi tí mo fẹ́ ọmọ àbúrò rẹ̀,
mo mọ òkúta kéékèèké mẹ́ta lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì,
ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Lẹ́yìn wọn ni Ermes dé,
Ermes tó ń wa ọkọ̀ ẹrù ní Ọ́stríà,
tó máa ń wálé bí ìkórè bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Àwọn aládùúgbò ti kórè tán, wọ́n ti fọ agbada wọn.
Tiwa ṣì wà lórí igi, ó ń súnkì, ó ń wúwo,
agbọ́n ń kùn lórí agbọ̀n.
A gbé àjàrà sórí àjà,
a tẹ́ ẹ sórí ẹní eèsún títí di Kérésìmesì.
Nígbà tí a fún un, kò ṣàn.
Ó ń kán. Tó.
O lè lọ mu kọfí kó o padà wá.
Tó.
Gbogbo ìpele mẹ́sàn-án òkè yẹn: ìgò ogójì ó lé kan,
ìgò kúkúrú, irú èyí tó ń wọ àpò kóòtù.

Wáìnì funfun ni wọ́n ń pè é. Irọ́ ni.
Àwọ̀ irun àgbàdo tó gbó ni.
Ó dùn, àmọ́ adùn tó légungun ni,
ó kọ́kọ́ fara jọ oyin, lẹ́yìn náà
ó ku ohun kan lẹ́yìn ahọ́n tí n kò lórúkọ fún.
Ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ, àwọn kan á wí.
Kì í ṣe ohun tí mò ń sọ nìyẹn.
Ermes fi ìbọ̀sẹ̀ wé ìgò kan, ó lọ.

Oṣù kẹfà tó tẹ̀ lé e, mo bá Onorina lábẹ́ igi,
òdòdó bo bàtà rẹ̀ bí ìyẹ̀fun.
Duilio ní kí òun mú ìgbálẹ̀ wá.
"Má gbá wọn," ó ní.
"Òjò ló máa gbé wọn sọ̀kalẹ̀,
ìwọ lo máa gbé wọn padà."